Bátìrì Tó Kú àti Èyí Tí Kò Kú: Ìtàn Òkúta Rédíò àti Fóònù láàárín Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Yopougon

Ìfáárà

Ní ọdún 1998, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ alákásẹ́ẹ̀tì kan lọ sí Abidjan láti gba ohùn àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti pẹ́ ní ìlú náà. Iṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè ni mo ń ṣe nígbà náà. Mo fẹ́ mọ bí Yorùbá tí a ń sọ láàárín Faransé àti Jùlá ṣe ń yí padà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti bàbá kan tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kan ní Zone industrielle, ìyẹn àgbègbè iléeṣẹ́ ńláńlá ti Yopougon. Bàbá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ti agbo ilé wọn wá sí Treichville, ó ki oríkì ìdílé rẹ̀, ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń gbé nígbà tí Yopougon ṣì jẹ́ igbó àti abúlé. Wákàtí kan gbáko ni a fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ibùwọ̀ mi, mo fi ẹ̀rọ náà sí iná ilé, mo sì tẹ́tí sí kásẹ́ẹ̀tì náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Nígbà tí ó máa fi dé ìparí ojú kìn-ín-ní, ohùn bàbá ti ń yára, ó sì ti ń lọ sókè bí ohùn ọmọdé. Ní ìparí ojú kejì, bí ẹyẹ ẹ̀gà ni ó ń ké. Mo gbà pé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe ní Adjamé. Kò tú ẹ̀rọ náà rárá. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ òkúta mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀, ó sì fi mítà kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan nínú òkúta mẹ́rin yìí ló ti gbó. Òun ló ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn.”

Òótọ́ ni ó sọ. Bí agbára òkúta ṣe ń dínkù ní alẹ́ àná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń falẹ̀, tí téèpù inú rẹ̀ sì ń rìn jẹ́jẹ́. Nígbà tí iná ilé wá ń yí téèpù náà bí ó ti yẹ, ohun tí a gbà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ ni ó ń jáde kíákíá. Èmi tí mo ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹun ni òkúta kan ṣoṣo dà láàmú bẹ́ẹ̀. Kí n tó padà sí Yopougon ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bàbá náà ti papò dà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń mọ ohun tí ó ń ṣe bátìrì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìran bátìrì kọ̀ọ̀kan ní àìsàn tirẹ̀, àti pé ìtọ́jú tí ó wo ìran kan sàn lè ba ìran kejì jẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Èmi yóò sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń lò fún gbogbo àìsàn wọ̀nyí, ìyẹn ‘kú’, ni ó ń mú kí a máa gbé oògùn ìran kan fún òmíràn.

Orúkọ Mẹ́ta fún Ohun Kan

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí orúkọ ohun èlò yìí ń sọ. Ní ìdajì ọ̀rúndún kejìdínlógún, Benjamin Franklin, ọmọ Amẹ́ríkà, so àwọn ìgò tí ń gba iná mànàmáná pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ológun fi ń pe ọ̀wọ́ ìbọn àgbá tí a tò sójú kan ni ó fi pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni àwa yá, tí a sọ di bátìrì. Ní ọdún 1800, Alessandro Volta, ọmọ Ítálì, ròyìn bí òun ṣe to àwo síńkì àti àwo fàdákà léra wọn, tí òun sì fi páálí tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, tí iná sì ń ṣàn láti inú wọn láìdáwọ́ dúró. Nítorí pé ṣe ni ó tò wọ́n jọ léra, àwọn Faransé pè é ní pile, èyí tí ó túmọ̀ sí òkìtì. Orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pè é ní Abidjan títí di òní.

Àwọn àgbà tiwa kò rí ìbọn, wọn kò sì rí òkìtì. Ohun tí wọ́n rí ni nǹkan kékeré kan tí ó le, tí ó sì wúwo lọ́wọ́ ju bí ó ti tóbi lọ. Òkúta ni wọ́n pè é: òkúta tọ́ọ̀ṣì, òkúta rédíò. Orúkọ yìí bá ohun tí ọwọ́ ń gbà mu, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Òkúta kì í jẹun, kì í gbó, kì í sì í jo. Ohun tí a pè ní òkúta yìí ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òkúta Rédíò àti Àwọn Ará Èjìgbò

Ní ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Abidjan lọ sí òkè. Ní ọdún 1934, Abidjan di olú ìlú. Ní ọdún 1950, wọ́n ṣí ọ̀nà omi Vridi, ọkọ̀ ojú omi ńlá sì ráyè wọ inú ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti òní, wà lára àwọn tí ìlú tuntun yìí fà mọ́ra. Wọ́n pọ̀ ní Treichville àti Adjamé, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Ànàgó. Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn ní Èjìgbò yóò gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti lọ tí wọ́n sì ti bọ̀. Wóróbo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ òwò: abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, ìṣáná, tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí a bá sì ti ń ta tọ́ọ̀ṣì, òkúta rẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀.

Òkúta yìí ni ó tú rédíò sílẹ̀ kúrò lára wáyà. Rediffusion tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935 jẹ́ àpótí tí wáyà so mọ́ ògiri. Ó yẹ fún orúkọ tí a fún un, asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n kò lè kúrò nínú ilé. Ní ọdún 1949, ní ilẹ̀ tí ó di Zambia lẹ́yìn náà, wọ́n gbé rédíò oníbátìrì kan jáde tí ìdérí rẹ̀ dà bí ìkòkò ọbẹ̀, kí àwọn tí kò ní iná mànàmáná lè gbọ́ ìròyìn. Wọ́n ní bátìrì rẹ̀ ń lò tó 300 wákàtí. Ní ọdún 1954, rédíò onítíránsítọ̀ àkọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún díẹ̀, rédíò di ohun tí ọdẹ òru lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, tí obìnrin oníṣòwò sì lè gbé kọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Báwo ni òkúta náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Georges Leclanché, ọmọ Faransé, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1866. Omi wà nínú tirẹ̀, kò sì ṣe é gbé kiri. Ní ọdún 1886, Carl Gassner ní Jámánì sọ omi náà di ẹ̀kọ líle, ó sì fi síńkì ṣe agolo rẹ̀. Agolo síńkì yìí náà ni oúnjẹ bátìrì. Bí a ṣe ń gbọ́ rédíò, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ń jẹ ara ilé rẹ̀. Nígbà tí ó bá jẹ ẹ́ tán, ògiri a lu, ẹ̀kọ inú rẹ̀ a sì jo jáde. Ìdí nìyí tí rédíò tí a gbàgbé òkúta sínú rẹ̀ fi máa ń dípẹtà ní ibi tí irin òkúta wà.

Gbogbo wa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ni a mọ ìtọ́jú rẹ̀. A máa ń sá òkúta sóòrùn. A tún máa ń fi eyín tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lè fi èyí ṣẹ̀sín, àmọ́ kì í ṣe ìgbàgbọ́ asán. Ooru máa ń mú kí ohun tí ó wà nínú òkúta tètè ṣiṣẹ́, ìsinmi sì máa ń jẹ́ kí ohun tí ó ti ṣù jọ yí ọ̀pá èédú àárín rẹ̀ ká túká. Òkúta tí ó ti rẹ̀ yóò tún sọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ohun tí oòrùn kò lè ṣe ni kí ó dá síńkì tí a ti jẹ padà.

Àìsàn kejì ni èyí tí ó ṣe èmi: dída ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun. Òkúta tuntun kọ̀ọ̀kan ní agbára volt 1.5, mẹ́rin sì jẹ́ 6. Nígbà tí ọ̀kan bá ti gbó, àwọn mẹ́ta yòókù á máa fi tipátipá ti iná gba inú rẹ̀ kọjá. Òun náà ni yóò kọ́kọ́ jo. Àwọn tí ń tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà kò ní ìwà burúkú dandan. Ẹni tí ó ń rà á ni kò béèrè.

Bátìrì Tí Ń Gba Iná

Ìran kejì ni bátìrì tí a lè fún ní iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Waldemar Jungner ní Sweden ṣe ti níkẹ́ẹ̀lì àti kádíọ́mù ní ọdún 1899. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká kí ọ̀rúndún ogún tó parí. Àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá ń fún un ní iná kí ó tó lo èyí tí ó wà nínú rẹ̀ tán, yóò dà bí ẹni tí ó ti gbàgbé bí inú rẹ̀ ṣe jìn tó, ìdajì ni yóò sì máa gbà. Oògùn rẹ̀ ni kí a lò ó tán pátápátá kí a tó fi sí iná, kí a sì fi tuntun sí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí a tó lò ó rárá.

Ìran kẹta ni lítíọ́mù. Ní ọdún 1980 ni John Goodenough àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford rí ohun tí ó lè gbà á dúró. Sony gbé e dé ọjà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, òun, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí. Fóònù alágbèéká tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1996, tí ó sì gbilẹ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù kẹjọ ọdún 2001, ni ó gbé e dé àpò olúkúlùkù.

Ibí ni ọgbọ́n ọdún kan ti di wèrè ẹ̀míì. Bátìrì lítíọ́mù kò fẹ́ kí a lò ó tán. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, inú rẹ̀ a bàjẹ́. Kò nílò wákàtí mẹ́jọ kí a tó lò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò fẹ́ oòrùn, a kò sì gbọdọ̀ fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń gbiná. Bí ooru bá mú un, afẹ́fẹ́ a kó sínú rẹ̀, a sì wú. Bí a bá gún un, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ń ta fóònù ṣì ń sọ fún oníbàárà pé kí ó fi bátìrì tuntun sí iná mọ́jú. Ìmọ̀ràn tí a fún níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fún lítíọ́mù. Mo ti rí ẹni tí ó sá bátìrì fóònù sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ, bàbá náà kò sì purọ́ fún un; bátìrì ni ó yí padà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Nokia kìlọ̀ nípa mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C, tí Matsushita ṣe láàárín oṣù Kejìlá ọdún 2005 sí oṣù Kọkànlá ọdún 2006, pé wọ́n lè gbóná jù nígbà tí wọ́n bá ń gba iná. Ní ọdún 2016, Samsung kó Galaxy Note 7 kúrò ní ọjà nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń jóná.

Àyẹ̀wò ní Zone industrielle

Yopougon wà ní ìwọ̀-oòrùn Abidjan, igbó Banco ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àárín ìlú. Àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá tí ó lọ sí àríwá, iná mànàmáná tí a ń ṣe ní Azito sì ń wá láti àdúgbò Yopougon náà láti ọdún 1999. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ lè rò pé iná kò lè wọ́n àwọn tí ń gbé nítòsí orísun rẹ̀. Ní ọdún 2010 àti ní ọdún 2021, àìtó iná mú kí wọ́n máa pín in fún àdúgbò ní wákàtí wákàtí. Délestage ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àwọn Yorùbá ibẹ̀ náà sì gbà á wọ inú gbólóhùn wọn.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ di ilé ìwòsàn bátìrì. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn tí ń tún fóònù ṣe níbẹ̀, mo sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Ìta ni ó ti ń bọ̀ wá sínú. Yóò kọ́kọ́ fi ṣájà tirẹ̀ dán fóònù wò, nítorí okùn ṣájà tètè máa ń já nínú láìhàn lóde. Lẹ́yìn náà, yóò tan tọ́ọ̀ṣì wo ojú ihò tí okùn ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń fi igi ìtayín yọ ìdọ̀tí àpò ṣòkòtò níbẹ̀, tí fóònù tí a ti sunkún lé lórí sì ń gba iná padà. Ìgbà náà ni ó tó kan bátìrì. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a lè yọ, yóò gbé e sórí tábìlì pẹrẹsẹ, yóò sì fi ìka yí i. Bátìrì tí kò ní àìsàn kì í yí, nítorí pé ikùn rẹ̀ tẹ́ balẹ̀. Èyí tí ó bá yí bí òkòtó ti wú. Níkẹyìn, ó fi mítà kàn án. Bí lítíọ́mù bá kún, volt 4.2 ni, bí ó bá fi odo hàn, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ kékeré kan wà tí ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ jù. Nígbà mìíràn, iná díẹ̀díẹ̀ láti ara ṣájà gidi yóò mú kí ẹ̀ṣọ́ náà ṣí i padà.

Àìsàn kan tún wà tí kì í ṣe ti bátìrì rárá. Òṣìṣẹ́ kan mú fóònù wá. Ó ní bátìrì òun kì í dé ọ̀sán bí òun bá wà níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi, ó ń lò títí di alẹ́. Alátùn-únṣe náà bi í léèrè ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Inú ilé ìkẹ́rùsí tí a fi páànù ṣe òrùlé àti ògiri rẹ̀ ni. Páànù ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà. Fóònù náà sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo láti wá a láti àárọ̀. Ooru inú páànù sì ń mú kí bátìrì yára gbó.

Alátùn-únṣe náà ní, “Tọ́ńtọ̀n, ẹ máa pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bí ẹ bá wọlé, kí ẹ tàn án bí ẹ bá jáde.”

Kò gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti sọ pé bátìrì ti kú ni, ì bá ta tuntun fún un.

Ọ̀rọ̀ Náà ‘Kú’

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí èdè, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwa olùkọ́ wà. ‘Bátìrì ti kú’ jẹ́ àfiwé tí ó rẹwà. Ó bá iná mu pẹ̀lú, nítorí a máa ń sọ pé iná kú. Ṣùgbọ́n ó ń bo ó kéré tán nǹkan mẹ́rin mọ́lẹ̀: bátìrì tí iná inú rẹ̀ tán, tí yóò tún gbà á, bátìrì tí ó ti gbó, tí kò lè gba púpọ̀ mọ́, bátìrì tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, àti bátìrì tí ó yè, ṣùgbọ́n tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan sin gbogbo wọn.

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Lẹ́nu àwọn alátùn-únṣe, mo gbọ́ ‘ó rẹ̀ ẹ́’, ‘ó ti gbó’, ‘ó wú’, ‘ó ń jo’, ‘kì í di iná mú’, ‘kò rí iná gbà’, ‘ó sùn’. Ọ̀rọ̀ ‘sùn’ yìí wù mí jù, nítorí òun gan-an ni ó bá bátìrì tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mu: ẹni tí ó sùn ṣe é jí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a yá lára ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀, kí ó sinmi. Ẹni tí ó sùn, kí a jí i. Ẹni tí ó wú, kí a má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. A máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àfiwé nípasẹ̀ ewì nìkan. Ó yẹ kí a fi èyí náà kọ́ wọn, kí wọ́n rí i pé yíyan ọ̀rọ̀-ìṣe lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín àtúnṣe àti iná àjóòkú.

Ìyókù rẹ̀ ni òkú tòótọ́, nítorí bátìrì a máa kú nígbẹ̀yìn. Abidjan kò lè gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí a da ìdọ̀tí olóró inú ọkọ̀ Probo Koala sí ibi púpọ̀ ní ìlú náà, tí ó sì pa ènìyàn. Bátìrì fóònù kan kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn nínú ààtàn ń gbiná bí ọkọ̀ bá tẹ̀ wọ́n, kádíọ́mù inú àwọn ti àtijọ́ sì ń wọ inú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá pe alààyè ní òkú ń fi kún òkìtì yẹn lójoojúmọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ó ku kásẹ́ẹ̀tì bàbá. Ọdún púpọ̀ ni mo fi pa á mọ́, tí mo gbà pé kò wúlò mọ́ fún iṣẹ́ mi. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohùn òkè ṣì ga ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà a lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ; ṣùgbọ́n a kò lè fi ìwọ̀n ohùn ìbẹ̀rẹ̀ wé ti ìparí. Nígbà tí mo wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo ṣàkíyèsí ìró kan tí ó ń hùn lábẹ́ ohùn bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ tí ń pín iná mànàmáná fún iléeṣẹ́ tí ó ń ṣọ́ ni. Ní Côte d'Ivoire, iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń hùn ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 100. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì, 100 náà ni. Bí òkúta ṣe ń rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìró náà ń ga sí i. Ó wá di òṣùwọ̀n fún mi. Mo dá téèpù náà dúró níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú, mo fà á padà títí ìró náà fi tún di 100, ohùn bàbá sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Mo mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èjìgbò. Ní ìparí ojú kejì, níbi tí ó ti ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà tẹ́lẹ̀, oríkì ìyá rẹ̀ ni ó ń kì. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà dáhùn sí i láti ìdí àga tí ó jókòó sí.